Ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń tún ọta dì nílé

Àwọn kan wà nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tún ọta dì fúnra wọn. Wọ́n á ṣa kòròfo idẹ tí wọ́n ti yìn ní pápá, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi práímà tuntun, ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí ìdí rẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọta dé e lórí, ó di kátíríìjì tuntun. Iṣẹ́ náà dùn, ó sì máa ń bá ẹni tó ń lọ sí pápá ìyìnbọn lemọ́lemọ́ dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, bíbu ẹ̀tù ni ibi tó ti rọrùn jù láti ṣe àṣìṣe tó lè gba ojú tàbí ìka lọ́wọ́ ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí òfin gbà láyè láti ní ọta, tó sì ń dì í fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa dì í tà ni yóò gba àṣẹ. Ìpínlẹ̀ àti ìlú kọ̀ọ̀kan sì lè ní òfin tirẹ̀ lórí ríra ẹ̀tù àti iye tí ènìyàn lè kó sílé, nítorí náà ẹ wádìí ti ibi tí ẹ ń gbé. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ dán an wò: Òfin Ohun Ìjà ọdún 1959 kò fàyè gba ará ìlú láti máa ṣe ọta nínú ilé rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Àṣìṣe ẹ̀tù kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ lè bu ẹ̀tù sínú kòròfo kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lè gbàgbé láti bù ú rárá. Ẹ lè bu ẹ̀tù tí kì í ṣe èyí tí ìwé ní kí ẹ lò. Ẹ sì lè mú èyí tó tọ́, kí òṣùwọ̀n wá purọ́ fún yín.

Ohun kan náà ló so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: ẹnì kan fi ọta dé kòròfo láìwo inú rẹ̀, tàbí kó wò ó láìmọ ohun tó yẹ kó rí níbẹ̀. Tí ọta bá ti dé e, kò sí ojú tó tún lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, torí ìyẹn ló ṣe wà: kí ọta má ṣe dé kòròfo kankan tí ẹ kò tíì fi ojú ara yín rí ẹ̀tù inú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ dájú pé ẹ̀tù tí ẹ fẹ́ ni, iye rẹ̀ sì pé.

Ẹ fi ọgbọ́n ṣakabùlà sílẹ̀

Púpọ̀ nínú wa ló mọ bí ọdẹ ṣe ń ki ìbọn ṣakabùlà. Á bu ẹ̀tù dúdú, á dà á sí ẹnu ìbọn, á fi ọ̀pá kì í wọlé. Ojú àti ọwọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìbọn náà ṣì máa ń bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tù dúdú kò le tó ti òde òní rárá. Ẹ má gbé àṣà yẹn wá sídìí tábìlì ìdita. Láti ìgbà tí Paul Vieille ti ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín ní ilẹ̀ Faransé ní 1884 ni irú rẹ̀ ti gbòde káàkiri ayé, ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀kún kòròfo ẹ̀tù dúdú ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fún òun díẹ̀ kí òun fi ránṣẹ́ sí bàbá ọdẹ kan nílé, ẹ kọ̀ fún un pátápátá. Ẹ̀tù yìí nínú ṣakabùlà, ikú ni.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé àwọn kòròfo kan ti wà kí ẹ̀tù tuntun tó dé. .45 Colt jáde ní 1873, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún, nǹkan bíi grain 40 ló sì ń gbà nígbà náà (grain ni ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù). Lónìí, ẹ̀tù tó ń jó kíákíá tí àwọn ènìyàn ń bù sí i kì í sábà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n yẹn. .38 Special, tó jáde ní 1898, rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: inú rẹ̀ gbòòrò, ẹ̀tù inú rẹ̀ kéré. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún. Nínú àwọn kòròfo mìíràn, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹta pàápàá, kò ní dà sílẹ̀. Àyè tó ṣófo lókè ẹ̀tù ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

SAAMI, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1926, ti fi ààlà sí bí agbára inú ìbọn ṣe lè ga tó. Ti .45 Colt jẹ́ 14,000 psi (ìyẹn póùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), ti .38 Special 17,000, ti 9mm Luger 35,000. Atẹ́gùn táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju nǹkan bíi 35 psi lọ. Ìyẹn ni pé ohun tó wà nínú ìbọn 9mm tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ti táyà, níwájú ojú yín, nígbà tí kò tíì sí àṣìṣe kankan. Bí ẹ bá sì bu ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì, agbára náà kì í dúró sí ìlọ́po méjì. Bí agbára bá ṣe ń ga sí i ni ẹ̀tù ń yára jó sí i, èyí á máa ti ìkejì lẹ́yìn títí irin yóò fi bẹ́.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Kí ẹ tó fọwọ́ kan agolo ẹ̀tù, ẹ ṣí ìwé ìdita. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ̀ jáde ni mo ń sọ: Hodgdon, Hornady, Lyman, Sierra àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má gba iye grain lẹ́nu ọ̀rẹ́ ní pápá, ẹ má gbà á lórí WhatsApp, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà kan tí ìka ṣì tẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ mú páálí kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀tù sí i ní kíkún, iye grain tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá, irú ọta àti ìwọ̀n rẹ̀, irú práímà, àti bí kátíríìjì ṣe máa gùn tó nígbà tó bá parí. Páálí yìí ni kó wà níwájú yín títí iṣẹ́ fi máa tán. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí.

Iye ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé kọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ gòkè. Àmọ́ ẹ má rò pé bí ẹ bá ṣe dín in kù sí i ni ewu ń dín kù. Hodgdon kìlọ̀ pé ẹ̀tù wọn kan tó ń jẹ́ H110 kò gbọ́dọ̀ dín ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kúrò lára iye tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè má jó dáadáa, kí ọta há sínú ọ̀pá ìbọn.

Mo sọ pé kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀tù ní kíkún, ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Hodgdon ra ẹ̀tù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ológun, ó ń tà á fún ará ìlú, 4831 sì wà lára wọn. Nígbà tó yá, IMR, ilé iṣẹ́ ẹ̀tù mìíràn, gbé ẹ̀tù tirẹ̀ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. IMR 4831 ń yára jó ju H4831 lọ. Ẹni tó bá ka H4831 nínú ìwé, tó wá bu IMR 4831 ní iye tó ga jù lọ níbẹ̀, ti kọjá ààlà láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 4350 ti Hodgdon, ti IMR àti ti Accurate, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà wà lára orúkọ, ẹ má gé e kúrò.

Agolo kan ṣoṣo lórí tábìlì

Gbogbo ẹ̀tù tí ẹ ní, àyàfi èyí tí ẹ fẹ́ lò, ẹ kó o padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí agolo kan péré kù lórí tábìlì. Ẹ ka orúkọ ara rẹ̀ sókè, kí ẹ wo páálí yín, kí ẹ tún un kà.

Ẹ wo inú ike ẹ̀rọ ìbu-ẹ̀tù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ ẹ̀tù kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá da ẹ̀tù tuntun sí i, ẹ lẹ bébà tó ní orúkọ ẹ̀tù náà mọ́ ara ike lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé agolo fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ títí wọ́n á fi parí, ìyẹn náà dára.

Ẹ má fi àwọ̀ tàbí ìrísí dá ẹ̀tù mọ̀. Dúdú àti eérú ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan rí pẹlẹbẹ, àwọn kan rí roboto, àwọn kan dà bí igi kéékèèké tí wọ́n gé, ṣùgbọ́n nínú ìrísí kan ṣoṣo, ẹ máa rí ẹ̀tù tó yẹ fún ìbọn ìléwọ́ àti èyí tó jẹ́ ti ìbọn gígùn. Bí ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ṣe máa ń ṣèèṣì wọ kòròfo ńlá ti ìbọn gígùn bíi .30-06 nìyẹn. Nínú .30-06, ẹ̀tù tó ń jó lọ́ra máa ń fẹ́ẹ̀ kún kòròfo, kò sáyè láti bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ewu tibẹ̀ ni ẹ̀tù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀tù tí kò ní orúkọ lára agolo, tàbí tí ọ̀rẹ́ fún yín nínú ìgò mìíràn, ẹ má lò ó. Iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn kan, ká má tíì sọ ọwọ́.

Òṣùwọ̀n

Grain ni a fi ń wọn ẹ̀tù. Grain kan jẹ́ mílígíráàmù 64.8, grain 7,000 ló wà nínú póùn kan. Òṣùwọ̀n oníbátìrì máa ń ní bọ́tìnnì tó ń yí grain padà sí gíráàmù, ìka sì lè kàn án láìmọ̀. Gíráàmù kan ju grain 15 lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀: grain ni kó kọ, kì í ṣe g lásán.

Ẹ tan òṣùwọ̀n oníbátìrì sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí i. Ẹ pa fáànù, ẹ yí ojú ẹ̀rọ amúlétutù sí ibòmíràn, torí atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti gbé àwo òṣùwọ̀n sókè sódò. Ẹni tó ń lo òṣùwọ̀n onígbọ̀nwọ́, èyí tó ní ọ̀pá tí kò lo bátìrì, kò bọ́ nínú èyí. Tirẹ̀ tún ní ewu kan: irin ńlá tó ń rìn lórí ọ̀pá lè jókòó sí ojú ihò tó tẹ̀ lé èyí tó yẹ, ihò kan lè jẹ́ grain 5 tàbí grain 10 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe òṣùwọ̀n náà. Ẹ fi ìka tẹ irin náà kó jókòó dáadáa, kí ẹ ka ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ra ọmọ ìwọ̀n tí a mọ grain rẹ̀, èyí tó sún mọ́ iye ẹ̀tù tí ẹ fẹ́ bù. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, láàárín iṣẹ́, àti nígbà tí ẹ bá parí. Bó bá yàtọ̀ nígbà ìparí, gbogbo ohun tí ẹ ti wọ̀n láti ìgbà tí ẹ ti wò ó gbẹ̀yìn ti di iyèméjì.

Ẹ̀rọ ìbu-ẹ̀tù

Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìwọ̀n, àyè inú rẹ̀ ló ń kún. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rọra fà á lónìí, tí ẹ sì fi agbára gbá a lọ́la, ẹ̀tù tó máa jáde kò ní dọ́gba. Kí ọwọ́ yín máa lọ bákan náà nígbà gbogbo, lọ sókè dé òpin, wá sílẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn tí ẹ bá da ẹ̀tù sí i, ẹ fà á bíi ìgbà mẹ́wàá kí ẹ̀tù lè jókòó, kí ẹ da gbogbo ìyẹn padà sínú ike. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa wọ̀n. Ọ̀nà tó dára láti ṣètò rẹ̀ ni kí ẹ bu ẹ̀ẹ̀mẹwàá sínú àwo kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá, kí ẹ sì tún wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní bíi márùn-ún. Àpapọ̀ á sọ bí ó ṣe ń ṣe lápapọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sọ bóyá èyí ń lé, èyí ń dín. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ, ẹ máa wọn ọ̀kan nínú mẹ́wàá.

Ẹ̀tù tó dà bí igi kéékèèké máa ń há sínú ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà bọ́ tàbí sínú àrọ. Kòròfo kan á gba díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gba tirẹ̀ pẹ̀lú ohun tó há. Bí ẹ bá fura pé nǹkan há, ẹ da ẹ̀tù inú kòròfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ sínú àwo, kí ẹ tún wọn méjèèjì. Ẹ má rò ó pé bóyá ló rí bẹ́ẹ̀.

Pákó oníhò: ìdorí àti ìdìde

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí olórí gbogbo wọn fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní pákó oníhò méjì, èyí tó ń gba kòròfo 50. Gbogbo kòròfo tí ẹ ti fi práímà sí, ẹ dorí wọn kodò sínú pákó àkọ́kọ́, ẹnu wọn kọjú sísàlẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ yí i padà, ẹ bu ẹ̀tù sí i, ẹ gbé e sínú pákó kejì pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ sókè. Ẹ mú òmíràn.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún yín. Kòròfo tó dorí kodò kò lè ní ẹ̀tù nínú. Kódà bí ẹ̀tù bá ti wọ inú rẹ̀ lọ́nà kan, yóò dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò. Kòròfo tó dìde dúró ti gba tirẹ̀, kò sì sí ohun tó tún gbọ́dọ̀ mú un padà sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ kò ní láti rántí ibi tí ẹ dé. Pákó ló ń bá yín rántí. Ẹni tó bá kó kòròfo 50 dìde lórí pákó kan ṣoṣo, tó wá ń fi àrọ rìn láti ihò dé ihò, ìrántí rẹ̀ nìkan ló fọkàn tẹ̀, aago ilẹ̀kùn tó bá dún lẹ́ẹ̀kan ti tó láti mú un gbàgbé.

Bí ìwé bá fún yín ní ẹ̀tù méjì tàbí mẹ́ta láti yàn nínú, ẹ mú èyí tó bá ju ìdajì kòròfo lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ kò ní gbà, yóò dà sórí tábìlì, ẹ̀yin náà á sì rí i. Nínú 9mm, ẹ̀tù kan wà tí ìlọ́po méjì rẹ̀ máa ń dà sílẹ̀, òmíràn sì wà tí yóò gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi máa mú irú èyí kejì.

Tọ́ọ̀ṣì kí ọta tó dé e

Nígbà tí gbogbo 50 bá ti dìde, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró, ẹ má jókòó, kí ojú yín lè wà lókè pákó gan-an. Ẹ tan iná sínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ti gba ẹ̀tù dáadáa máa ń rí bákan náà láti òpin kan dé èkejì: ibi tí ẹ̀tù dé nínú ọ̀kan ló dé nínú gbogbo wọn. Èyí tó ga jù tàbí tó jìn jù máa hàn, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń tú u fó. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ẹ wò wọ́n pọ̀ ju kí ẹ máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ má fi ẹ̀tù kún un, ẹ má fi ìka yọ díẹ̀ kúrò. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú àwo, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ mọ ohun tó fà á, kí ẹ tó tún un bù. Fún kòròfo ọlọ́rùn tóóró tí iná kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ gé igi kékeré kan tó lè wọlé, kí ẹ fi máàkà fa ìlà sí ibi tó yẹ kí ẹ̀tù dé. Ẹ fi kan inú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọta dé wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi kòròfo ẹlẹ́tù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọmọdé, ológbò, tàbí ìgbọ̀nwọ́ yín fúnra yín lè gbá pákó náà.

Bí nǹkan bá dá yín dúró

Fóònù kì í wọ yàrá tí ẹ ti ń bu ẹ̀tù. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ wà ní títàn, ọtí kò gbọ́dọ̀ sí lára, sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún ará ilé pé bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kí wọ́n kanlẹ̀kùn kí wọ́n dúró. Ara tó rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́ náà kì í ṣe ara tí a fi ń bu ẹ̀tù. Púpọ̀ nínú wa ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ìsinmi.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dìde, ẹ parí èyí tó wà lọ́wọ́ títí tó fi dé pákó kejì, kí ẹ tó lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ da ẹ̀tù inú rẹ̀ padà, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ tún kòròfo yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀

Ẹ̀rọ oníyípo tó ń ṣe práímà, ẹ̀tù àti ọta nínú ìfà kan yára púpọ̀, ìyára yẹn gan-an ló sì ń bo ojú. Èyí tó ń yí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ sàn ju èyí tí ẹ ní láti fi ọwọ́ yí, nítorí lára ti afọwọ́yí, bí ẹ bá gbàgbé láti yí i, tí ẹ tún fa ọwọ́ ẹ̀rọ, kòròfo kan náà ti gba ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi iná kékeré mọ́ ara ẹ̀rọ kó tàn sínú kòròfo tó fẹ́ gba ọta. Ẹ máa wo inú rẹ̀ ní gbogbo ìfà, pẹ̀lú ọta lọ́wọ́ yín: ẹ wò, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lé e. Bí àyè bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ fi ohun èlò tó ń yẹ ẹ̀tù wò kún un. Lock-Out Die ti RCBS á kọ̀ kí ẹ̀rọ má lọ bí ẹ̀tù bá ga tàbí kéré jù. Ti Dillon á ké. Powder Cop ti Hornady á gbé ọ̀pá kékeré sókè kí ẹ lè rí ibi tí ẹ̀tù dé. Wọ́n dára, mo sì fọwọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ẹ̀tù tó lé díẹ̀ mọ̀, wọn kò sì dípò ojú yín.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá há ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Práímà kò wọlé, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè díẹ̀, ẹ gbé e sódò, ẹ tún gbé e sókè, ẹ̀tù ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìyẹn. Òfin kan ni mo gbà yín níyànjú láti má rú: bí ohunkóhun bá há, ẹ yọ gbogbo kòròfo kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ da ẹ̀tù inú wọn padà, ẹ tún ohun tó há ṣe, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòròfo tó ṣófo. Ẹ máa wo ike ẹ̀tù náà pẹ̀lú. Bí ẹ̀tù bá tán láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, àwọn kátíríìjì tó tẹ̀ lé e ni kò ní ẹ̀tù nínú.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ da ẹ̀tù tó kù padà sínú agolo tí ẹ ti bù ú, nígbà tí agolo náà ṣì wà lórí tábìlì nìkan. Ẹ fa ọwọ́ ẹ̀rọ títí ohunkóhun kò fi ní bọ́ mọ́. Ẹ má fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ike mọ́jú. Àwọn ẹ̀tù kan ń jẹ ike, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ènìyàn ń gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lórí páálí yín sára àpótí kátíríìjì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ dì í. Ẹ fọ ọwọ́.

Ní pápá: etí ló ń ṣọ́

Kòròfo tí kò ní ẹ̀tù kì í dákẹ́. Práímà nìkan lágbára tó láti ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó sì há síbẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ á fúyẹ́, ìbọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ta yín lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ̀tù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ lè rí èyí tí kò jó, ìbọn tó ń pààrọ̀ ọta fúnra rẹ̀ kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára fa ẹ̀rọ ìbọn sẹ́yìn, tó tún yìn ín, ń yin ọta kejì lu ti àkọ́kọ́, ọ̀pá ìbọn á sì wú tàbí kó bẹ́. Revolver, ìbọn ìléwọ́ tí àgbá ọta rẹ̀ ń yí, burú níbí, torí kò sí ohun tó ń dá a dúró bíkòṣe ẹni tó ń yìn ín.

Ẹ kọjú ẹnu ìbọn sí ibi àfojúsùn. Bí kò bá dún rárá, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i, nítorí práímà lè pẹ́ kó tó jó. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, kí ẹ fi ọ̀pá tàbí tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀pá ìbọn láti ìdí rẹ̀. Bí ọta bá há, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọta mìíràn tì í jáde.

Bí iyèméjì bá wọ àpótí kan

Ẹ lè rò pé ẹ lè fi òṣùwọ̀n dá èyí tó ní ẹ̀tù ìlọ́po méjì mọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dì í tán. Nínú ìbọn ìléwọ́, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n láàárín kòròfo ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn, pẹ̀lú ti ọta fúnra rẹ̀, lè ju gbogbo ẹ̀tù inú rẹ̀ lọ.

Ohun tó kù ni kí ẹ tú wọn. Ẹ ra òòlù ìyọ-ọta, ẹ wọ gíláàsì ààbò, ẹ fi kátíríìjì sínú rẹ̀, ẹ gbá a mọ́ igi líle títí ọta á fi yọ. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan tó ní ẹ̀tù ìlọ́po méjì tàbí tí kò ní rárá, gbogbo kátíríìjì tí ẹ dì nínú ìjókòó kan náà ni kí ẹ tú, kì í ṣe àpótí yẹn nìkan. Ọta àti kòròfo ṣeé tún lò. Ẹ̀tù tó jáde nínú wọn kò gbọ́dọ̀ padà sínú agolo. Ẹ fọ́n ọn ka orí koríko ní ẹ̀yìnkùlé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, níbi tí iná kò sí.